Èmi Ni Mo Kọ́kọ́ Sọ Ọ́

Àrùn tó ń ṣe Lásúnkànmí akọ̀wé lẹ́tà ní Ìfọ̀, kò sí nínú ìwé dókítà kankan. Ẹ̀rù olè ló ń bà á. Kì í ṣe olè ewúrẹ́ o, kì í sì í ṣe olè adìyẹ. Ewúrẹ́ tirẹ̀ gan-an, ìta ló ń sùn. Olè ọ̀rọ̀ ni! Lójú Lásúnkànmí, kò sí gbólóhùn kan tó dùn létí láyé yìí tí kì í ṣe òun ló ni ín, kò sì sí ẹni tó lanu sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe pé ó fẹ́ jí tòun.

Bí ó bá jí láàárọ̀ tó gbójú sókè, tó ní, "Òjò ń bọ̀," ẹ yáa máa ṣọ́ ẹnu yín. Bí Ìyá Kúlúsúmù alákàrà bá ṣèèṣì sọ lọ́sàn-án pé òjò ń bọ̀, Lásúnkànmí á fò dìde lórí àga.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́!"

"Ẹ má bínú, akọ̀wé. Ṣé kí n ní kí òjò padà sílé ni?"

Èmi Mùíbì tí mò ń ròyìn fún yín yìí, kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níwájú téṣàn rélùwéè, níbi tí ojú irin ti yà lọ sí Ìdógò. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbọ́ "èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́". Ó dé ibì kan tó jẹ́ pé bí mo bá fẹ́ sín, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ ná, bóyá ó ti sín ṣáájú mi.

Ibi tó sì ti kọ́ òfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín: ara àkàrà ni. Ìyá Kúlúsúmù fi àjákù ìwé ìròyìn pọ́n àkàrà fún un lọ́jọ́ kan. Ohun tó wà lára àjákù náà ni pé, "Ẹni tó bá kọ ìwé ni òfin sọ pé ó ni ín. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀..." Epo ti jẹ ìyókù. Láti ọjọ́ náà ni Lásúnkànmí ti di lọ́yà. Ìdajì òfin péré ló mọ̀, àmọ́ ìdajì tó ní "kò gbọdọ̀" nínú ni.

Bó ṣe wà nìyẹn títí mọ́tò sinimá fi dé ìlú wa ní ọdún 1955.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà á rántí mọ́tò náà. Wọ́n á ta aṣọ funfun sórí pápá, wọ́n á tan ẹ̀rọ, wọ́n á máa fi àwòrán hàn wá pé kí a bo omi, kí a má jẹ́ kí ẹ̀fọn pa wá. Ẹni tó ń ṣe olórí wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Adéyanjú, ọkùnrin gíga kan tó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará Ìfọ̀, a gbọ́ pé ẹ ní àwọn ẹ̀fọn inú sinimá wa jọ ẹ̀fọn òyìnbó. Òótọ́ ni. A fẹ́ ìtàn tí ọmọ ilẹ̀ wa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ẹni tó bá ní, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Tí oṣù bá pé, mo máa padà wá gbà á. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ á jáde lára aṣọ yìí!"

Ẹ rántí pé orúkọ ló sọ. Lásúnkànmí ò gbọ́ ohun mìíràn mọ́.

Ó ní ìdí kan tó fi ń wá orúkọ lójú méjèèjì. Bàbá ìyàwó rẹ̀, Àlájì Bùrẹ́ímọ̀ tó wà ní Ìbàfò, kò fẹ́ fún un lọ́mọ nígbà náà lọ́hùn-ún. Bàbá yẹn ní ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹnu lọ, ẹnu náà ni yóò fi bọ́ ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lọ́kàn Lásúnkànmí fún ọdún méjìlá, ó sì ń dùn ún. Ó fẹ́ kí Àlájì rí orúkọ òun lára aṣọ funfun kó tó kú.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi kún ìwé ìkọ̀wé ológójì ewé. Akọni kan wà nínú ìtàn náà. Ṣé kí n sọ orúkọ akọni yẹn fún yín? Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Lásúnkànmí ni.

Bó ṣe fi àmì ìparí sí i báyìí ni àìsàn rẹ̀ gbé e. Ó ń wo fèrèsé, ó ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá Múdà, wọ́n máa jí i."

Hàfísátù ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Obìnrin yìí kàwé dé ìwé mẹ́rin péré, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ kò dúró níbẹ̀.

"Bàbá Múdà, ẹ rọra dà á kọ sínú ìwé mìíràn, kó di méjì. Ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sí méjèèjì. Ẹ fún Lèmọ́mù ní ọ̀kan kí wọ́n bá yín tọ́jú ẹ̀, kí ẹ kó ìkejì fún ará sinimá. Bí ẹnikẹ́ni bá wá jí i, ẹ ti ní ẹ̀rí."

"Méjì kẹ̀? Kí olè lè rí méjì jí?"

Ọgbọ́n tiẹ̀ ló lò. Ó mú ọ̀bẹ, ó pín ìwé náà sí mẹ́rin, ewé mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó ní bí ìtàn bá pé sójú kan, olè á kó o lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá fọ́n ká ìlú, á rẹ olè kó tó kó o tán. Ó kó apá kìíní, níbi tí wọ́n ti bí akọni pẹ̀lú eyín méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́nu, fún Sàlísù télọ̀. Apá kẹta, níbi tí akọni ti fi idà kan ṣoṣo pa igba ọ̀tá, ó gbé e fún Ìyá Kúlúsúmù. Apá kẹrin, níbi tí akọni ti jọba tó sì fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, èmi ló fún, ó ní ojú mi jọ ti ẹni tó lè pa àṣírí mọ́.

Apá kejì ló ṣẹ́kù. Ní apá yìí, akọni gbọ́ pé ọ̀tá ń bọ̀, ó wá wọ inú ṣáláńgá ẹ̀yìn ààfin lọ fara pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kó lè máa gbọ́ àṣírí wọn. Lásúnkànmí wá fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i: eṣinṣin bo akọni títí kò fi sí ibi tí awọ ti hàn, àwọn eṣinṣin náà fò lọ sínú ọbẹ̀ gbogbo ìlú, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run tolórí tẹlẹ́mù, tí ọba fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀meje lóòjọ́.

"Ìyá Múdà, gba èyí. Kò sí olè tí orí rẹ̀ pé tó máa jí i."

Lẹ́yìn náà ló so àálè mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkarahun ìgbín pẹ̀lú àkísà pupa. Àálè o! Èyí tí a ń fi sára igi ìdáná nínú oko! Ó ní olè tó bá bẹ̀rù rẹ̀ lóko á bẹ̀rù rẹ̀ nílé. Ó wá mú wa búra lọ́kọ̀ọ̀kan pé àmánà ni, pé a ò ní kà á. A búra. Ìyẹn nìkan ló sì ní kí a búra sí.

Nígbà tí oṣù pé, mọ́tò sinimá dé láàárọ̀, wọ́n ní ọ̀sán ni wọ́n ń kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Lásúnkànmí wọ agbádá, ó sáré wá gba ìtàn rẹ̀ jọ. Ọ̀dọ̀ Sàlísù ló kọ́kọ́ yà sí. Sàlísù fi abẹ́rẹ́ tọ́ka sí ògiri, níbi tí ó gbé pátánì apá bùbá kọ́, àti ti ọrùn, àti ti àpò.

"Sàlísù! Ìwé mi lo gé yìí?"

"Ẹ ní n má kà á, bùrọ̀dá. Ọlọ́run gbọ́, mi ò kà á. Ẹ ò ní n má gé e. Ìwé yín le dáadáa, ó mà dára fún apá bùbá o!"

Ó sáré dé ọ̀dọ̀ alákàrà. Ìyá Kúlúsúmù kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú agbada.

"Ìwé tán lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Àmọ́ ẹ fọkàn balẹ̀, akọ̀wé, kò sẹ́ni tó kà á. Àwọn tó jẹ àkàrà yẹn ti sá wọ rélùwéè. Igba ọ̀tá yín ti dé Kánò báyìí."

Tèmi ńkọ́? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, èèyàn ni mí. Agolo òróró kẹ̀kẹ́ ló dà sórí rẹ̀ nínú àpótí irinṣẹ́. Nígbà tí mo sì ti rí i pé ìdajì ti bàjẹ́, mo fi ìdajì yòókù nu òróró náà kó má baà ṣòfò. Ọba àti olorì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú òróró ni wọ́n sùn sí.

Lásúnkànmí dorí kodò lọ sílé. Hàfísátù ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó yọ ewé mẹ́wàá tirẹ̀ láàárín ìró méjì, ó ń rùn káńfọ̀, kò sí èyí tó ká létí nínú wọn. Àálè náà ṣì wà lára rẹ̀.

Ni a bá dé iwájú mọ́tò sinimá. Ọ̀gbẹ́ni Adéyanjú tú àálè, ó gbé ìkarahun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ fìlà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹnu ọ̀nà mọ́tò mú.

"Akọ̀wé, ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wá ohun tó dà báyìí! Níbo ni ìyókù wà?"

"Ó wà lórí mi."

"A ò lè fi ẹ̀rọ ya inú orí yín. Ẹ jókòó síbí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo lè dúró títí di ọ̀la."

"Kí n kọ ọ́ kí ẹ lè jí i?"

Adéyanjú fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ohun tó wà lórí èèyàn kò tíì ní ẹni tó ni ín. Gbogbo ayé ló lè ronú nípa akọni àti ọba. Èyí tí ẹ bá fi ọwọ́ yín kọ sílẹ̀ ni òfin lè bá yín ṣọ́. Ẹ kọ ọ́ tán, kí a tó ṣe àdéhùn."

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, àmọ́ ta ni yóò gbọ́ ọ? Ẹni tó ti ka ìdajì òfin lára àkàrà?

"Àdéhùn ní ìsinsìnyí!" ni Lásúnkànmí wí. "Ẹ máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni láyé yìí kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún ìwé tí mo gbé wá. Ẹnikẹ́ni láyé yìí kò gbọdọ̀ yí orúkọ akọni padà. Orúkọ mi gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀rẹ̀ àti níparí, gàdàgbà-gadagba, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ayé!"

"Owó ńkọ́?"

"Owó á tán. Orúkọ ò ní tán."

Adéyanjú wò ó dáadáa. "Ṣé ó dá yín lójú? Ewé mẹ́wàá yìí nìkan, bó ṣe wà yìí?"

"Bàbá Múdà," ni Hàfísátù wí lẹ́yìn rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí i."

"Èmi ni mo sọ ọ́. Kí ni mo tún ń kà?"

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Lásúnkànmí ní tirẹ̀, ẹni tó máa jẹ orúkọ inú sinimá kì í wo ẹnu ìwé àdéhùn. Ó fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìlà mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀. Bí mọ́tò ṣe ṣí, ó ṣẹ́jú sí mi.

"Mùíbì, ìyókù ti di sinimá kejì nìyẹn. Wọ́n á fi orúnkún rìn wá bẹ̀ mí."

Oṣù mẹ́rin tó tẹ̀lé e, ẹ ò bá bá wa káàánú. Gbogbo rélùwéè tó bá dúró, Lásúnkànmí á lọ bá àwọn èrò lójú fèrèsé pé òun ti wà nínú sinimá. Kò kọ lẹ́tà fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i: ẹni tó wá kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ l'Ékòó pé ìyá àgbà ń ṣàìsàn, ọmọ náà á rí i nísàlẹ̀ pé "Lásúnkànmí ló kọ àìsàn yìí". Ó wá kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́fà sí Àlájì Bùrẹ́ímọ̀ ní Ìbàfò: kí bàbá wá, kí wọ́n kó gbogbo ẹbí wá, kí wọ́n wá rí ohun tí ẹnu lè ṣe.

Bàbá wá. Wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Lásúnkànmí to àga sí iwájú pátápátá, ó gbé Àlájì sí àárín.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mọ́tò sinimá padà dé, lẹ́yìn Màgàríbì, ẹ̀rọ tan. Orúkọ jáde lára aṣọ funfun, ó tóbi ju ilẹ̀kùn mọ́sálásí lọ. Nítorí àwọn tí kò mọ̀wé, Adéyanjú kà á sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: "LÁSÚNKÀNMÍ LÓ NI ÍN!"

Pápá hó yèè! Lásúnkànmí dìde, ó tẹríba sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún tẹríba sí ojú irin. Àlájì Bùrẹ́ímọ̀ na ọwọ́, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo rí omi lójú Lásúnkànmí, mi ò ní parọ́, inú èmi náà dùn sí i.

Sinimá bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ínrín sáré jáde. Ohùn Adéyanjú ní, "Lásúnkànmí rèé." Ará ìlú rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkùnrin náà wò síwá, ó wò sẹ́yìn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sínú ṣáláńgá. "Lásúnkànmí wọlé." Ó gbé ìkejì. "Ó wọlé tán."

Àlájì fa ọwọ́ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀.

Eṣinṣin dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ ibi tí wọ́n ti rí eṣinṣin tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀! Wọ́n bo Lásúnkànmí. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n lọ bà lé ọbẹ̀. Ìyàwó ilé tọ́ ọbẹ̀ wò. Ìyàwó ilé di ikùn mú. Baálé ilé di ikùn mú. Ọba fi ọwọ́ kan di adé mú, ó fi ìkejì di ṣòkòtò mú, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó padà wá jókòó, ó tún fẹ́ ẹ. Gbogbo pápá ń kà á: "Ẹ̀ẹ̀kan! Ẹ̀ẹ̀mejì! Ẹ̀ẹ̀mẹta!" Wọ́n kà á dé méje. Àwọn èèyàn yí gbirigbiri nílẹ̀. Ìyá Kúlúsúmù ń fi gèlè nu ojú.

Lójijì, ṣáláńgá nìkan ló kù lára aṣọ, ó gba gbogbo aṣọ láti etí dé etí. Orúkọ sì jáde lójú rẹ̀ gàdàgbà-gadagba: LÁSÚNKÀNMÍ LÓ NI ÍN.

Ẹ̀rọ kú.

Lásúnkànmí ti fò dìde, agbádá rẹ̀ fẹ̀ níwájú aṣọ. "Kò tíì parí! Ẹ jókòó! Ó máa jáde! Ó máa pa igba èèyàn!"

"Ó ti pa wọ́n tán," ni ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn. "A rí i bí inú ṣe ń run wọ́n!"

Àlájì Bùrẹ́ímọ̀ dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Kò wo ọkọ ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Hàfísátù, ṣé ṣáláńgá ilé yín ní ìdérí?"

"Ó ní, bàbá."

"Fi àgádágodo tì í."

Wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ; kò sẹ́ni tó sọ fún wa iye tí orúkọ ṣáláńgá sàn jù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Lásúnkànmí gun kẹ̀kẹ́, ó sá lọ sí Mòwé, abúlé ìyá rẹ̀. Oko ni Mòwé nígbà náà, kòkó àti ìrẹsì ni wọ́n mọ̀, ó rò pé sinimá kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìyá arúgbó kan pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà abúlé, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Lásún, ṣé o ti jáde? Ìjẹta ni wọ́n fi ọ́ hàn wá níbí. Ọkàn mi ò balẹ̀ látìgbà náà."

Ó sá kúrò níbẹ̀ lọ sí Ìbàfò, láti lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀. Wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀. Kó tó jókòó, wọ́n gbé omi àti ọṣẹ fún un. Ó fọwọ́. Wọ́n tún gbé òmíràn wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fọwọ́ kí wọ́n tó fún un ní omi mu, wọ́n sì fi nǹkan bo ife náà kíákíá.

Nígbà tí mọ́tò sinimá tún gba Ìfọ̀ kọjá, Lásúnkànmí dì mọ́ ẹsẹ̀ Adéyanjú.

"Ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò!"

Adéyanjú yọ ìwé àdéhùn. "Ẹ ní kò gbọdọ̀ kúrò títí ayé."

"Ó dáa, mo ti kọ ìyókù báyìí! Ẹ fi kún un kí ó jáde nínú ihò yẹn!"

"Ẹ ní ẹnikẹ́ni láyé yìí kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Akọ̀wé, ṣé ẹ̀yin ò sí láyé ni?" Àánú rẹ̀ wá ṣe é. "Ọ̀nà kan ló kù. Bí ẹlòmíràn bá jáde pé òun ló ni ìtàn yìí, pé ẹ jí i mú ni, àdéhùn yìí á bàjẹ́, a ó sì yọ orúkọ yín."

Lásúnkànmí gba ewé mẹ́wàá náà padà, ó sáré tọ̀ mí wá.

"Mùíbì, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lo ni ìtàn yìí. O ò rántí? Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́!"

"Èmi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mi ò jí ohun olóhun rí!"

Sàlísù ní òun kò mọ̀wé. Ìyá Kúlúsúmù ní òun kò lè fi pọ́n àkàrà pàápàá, kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Ni Lásúnkànmí, ẹni tí ẹ̀rù olè ń bà, bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá olè kiri. Kò so àálè mọ́ ìwé náà mọ́, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì téṣàn, ní ojúmọmọ, lásìkò tí rélùwéè ń kó èrò, ó sì lọ fara pamọ́ sẹ́yìn igi máńgòrò.

Ẹnì kan gbé e! Ó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀! Lásúnkànmí jó dé ilé. Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ méjì kọjá. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó ti ń sọ fún èèyàn pé òjò ń bọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá téṣàn fúnra rẹ̀ gbé ìdì kan wá bá a ní ìsọ̀. Wọ́n ti wé e dáadáa, wọ́n ti fi okùn dì í, wọ́n sì ti so àálè tuntun mọ́ ọn.

"Akọ̀wé, ẹ máa ṣọ́ra fún olè," ni ọ̀gá téṣàn wí. "Ẹni tó gbé e ò mọ̀ pé ìwé yín ni. Ó dé Ìdógò, wọ́n dá a padà. Ó dé Ìdó l'Ékòó, wọ́n dá a padà. Gbogbo ẹni tí ó dé ọwọ́ wọn lọ́nà ló sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́."